Sẹ́ǹtì Ńlá Bàbà ti Amẹ́ríkà: Bí Ẹ Ó Ṣe Yẹ̀ Ẹ́ Wò, Bí Ẹ Ó Ṣe Mọ Ìpele Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í fi fọ́tò owó bàbà ńlá kan ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, èló ni?" Ẹnìkan rà á níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé. Ẹlòmíì bá a nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì àlòkù. Ẹlòmíì ti san owó gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó rántí béèrè. Ìdáhùn kan náà ni mo ń fún gbogbo wọn: ọdún tó wà lára rẹ̀ kò tó sọ iye rẹ̀. Ara rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ẹ lè rí méjì tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún kan náà, tí irun orí obìnrin inú wọn ṣẹ́kù dọ́gba, síbẹ̀ kí ọ̀kan tó ìlọ́po mẹ́ta èkejì, nítorí pé ara tirẹ̀ jọ̀lọ̀, ti èkejì sì dá ihò bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná ti bá jà.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, kí n lè máa fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan torí pé owó náà rẹwà lójú yín.

Sẹ́ǹtì ńlá ni owó bàbà tí ilé ìtẹwó ìjọba ní Philadelphia ń tẹ̀ láti 1793 títí di 1857, lọ́dọọdún àfi 1815. Ó fẹ̀ ju kọ́tà òde òní (owó sẹ́ǹtì 25 ti Amẹ́ríkà) lọ dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èyí tí wọ́n kọ 1815 sí lára lọ̀ yín, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ohun tí ẹ ó ní lọ́wọ́

- Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù dé 0.01
- Irin tí a fi ń wọn ìbú, tó ń ka mìlímítà
- Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 7 tàbí 10. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò kàn máa fi àlébù tí kò já mọ́ nǹkan kan dà yín láàmú
- Iná tábìlì kan ṣoṣo. Ẹ pa iná àjà
- Òòfà
- Tówẹ́ẹ̀lì rírọ̀ tí ẹ ó tẹ́ sórí tábìlì, torí bàbà tó bá já bọ́ sórí pákó lè ní àpá tí kò ní lọ mọ́
- Ìwé àti bírò

Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Etí owó ni kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ dì mú. Bí ìka bá kan ojú rẹ̀, òógùn ara yín yóò jẹ bàbà náà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹ ó rí àmì ìka tiyín lórí ohun tó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Orúkọ tí àwọn oníṣòwò ń pè wọ́n ni mo lò, torí òun lẹ máa bá lára páálí, ìyẹn àpótí ike tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò máa ń dè é mọ́.

- Chain, 1793: lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí òrùka rẹ̀ jẹ́ 15 yí iye owó ká. Lára àwọn kan, wọ́n gé orúkọ orílẹ̀-èdè kúrú sí AMERI.
- Wreath, 1793: ewé ló yí iye owó ká dípò ẹ̀wọ̀n.
- Liberty Cap, 1793 sí 1796: fìlà wà lórí ọ̀pá lẹ́yìn orí obìnrin náà.
- Draped Bust, 1796 sí 1807: aṣọ wà ní èjìká rẹ̀, rìbọ́ọ̀nù sì wà nínú irun.
- Classic Head, 1808 sí 1814: ó fi ọ̀já dì orí, LIBERTY wà lára ọ̀já náà.
- Coronet, tí àwọn kan ń pè ní Matron Head, 1816 sí 1839: ó dé adé, ìràwọ̀ yí i ká.
- Braided Hair, 1839 sí 1857: ó dirun, orí rẹ̀ sì kéré sí ti ìṣáájú.

Ọ̀nà kíákíá kan wà tí ẹ kò bá rí ọdún kà. Bí obìnrin náà bá kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún yín, 1807 ni tàbí ṣáájú ẹ̀. Ẹ yẹ kí ẹ rí 1/100 lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá kọjú sí òsì, 1808 ni tàbí lẹ́yìn ẹ̀, kò sì sí 1/100. (Lára àwọn òǹtẹ̀ kan ti 1801, ìyẹn irin gbígbẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó, ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣì, ó kọ 1/000. Ojúlówó ni, àwọn èèyàn sì ń wá a.)

Ṣé ojúlówó ni?

1. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn. Bàbà kì í fà mọ́ òòfà. Bó bá fà, iṣẹ́ ti parí.

2. Ẹ wọ̀n ọ́n. Àwọn ti 1793, ti 1794 àti èyí tó nípọn nínú ti 1795 yẹ kó wọ̀n tó gíráàmù 13.48. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ti 1795, àti gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, gíráàmù 10.89 ni. Owó tó ti gbó yóò fúyẹ́ díẹ̀, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kì í sì í bára dọ́gba régé. Ṣùgbọ́n Draped Bust tí ara rẹ̀ hàn kedere tó wá wọn gíráàmù 8 tàbí 13, ẹ gbé e kalẹ̀.

3. Ẹ wọn ìbú rẹ̀. Chain sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 26 tàbí 27, Draped Bust àti Classic Head wà ní nǹkan bí 29, Braided Hair jẹ́ 27.5.

4. Ẹ yí etí rẹ̀ po lábẹ́ awò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, ibẹ̀ gan-an sì ni ayédèrú ti ń tú àṣírí ara rẹ̀. Ti 1794 àti èyí tó nípọn nínú ti 1795 gbọ́dọ̀ ní ONE HUNDRED FOR A DOLLAR létí. Chain ní àwòrán ewé àjàrà àti ọ̀pá létí. Láti 1796 lọ, etí pẹlẹbẹ ló wọ́pọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ínrín kan tó yí etí po láàárín, méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀: ẹ̀dà tí wọ́n fi iná mànàmáná àti omi kẹ́míkà mọ ni. Irú rẹ̀ pọ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá fún 1793 àti 1799.

5. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ gbé e lé orí ìka kan, kí ẹ fi igi ìtayín kàn án létí pẹ́pẹ́. Ojúlówó máa ń dún, dídún rẹ̀ sì ń pẹ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ yóò dún kú bí páálí. Ẹ má jù ú sórí tábìlì láti gbọ́ ohùn kankan o.

6. Ẹ wo ojú rẹ̀ lábẹ́ awò. Ayédèrú tí wọ́n yọ́ dà sínú iyẹ̀pẹ̀ máa ń ní róbótó kéékèèké tó yọ jáde, létà rẹ̀ máa ń rọ̀ bí ọṣẹ tó ti lò díẹ̀.

7. Ẹ fi wé fọ́tò irú òǹtẹ̀ kan náà. Gbogbo òǹtẹ̀ àwọn ọdún yẹn ni wọ́n fi ọwọ́ ṣe, kò sí méjì tó bára mu tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní nọ́ńbà: S-1 dé S-295 fún 1793 sí 1814, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N fún 1816 sí 1857. Nọ́ńbà kan dúró fún òǹtẹ̀ iwájú kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹ̀yìn kan. Bí iwájú owó yín bá jẹ́ ti nọ́ńbà kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún mìíràn tí wọn kò so pọ̀ rí, ẹ ti mú olè.

Lónìí, àwọn ayédèrú tó le jù ni èyí tí wọ́n ṣe òǹtẹ̀ rẹ̀ láti ara ojúlówó kan. Wọ́n wọn dáadáa, wọ́n rí dáadáa. Àmì tó ń tú wọn ni pé àpá kan náà, níbì kan náà, yóò wà lára owó bíi mélòó kan tí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń tà. Ojúlówó méjì kò lè já bọ́ lulẹ̀ kí wọ́n ní ọgbẹ́ kan náà. Páálí ike náà kò ní kí ọkàn yín balẹ̀ pátápátá, torí wọ́n ń ṣe ayédèrú páálí PCGS àti ti NGC, ilé iṣẹ́ méjì tó ń yẹ owó wò tí wọ́n sì ń fi ìpele sí i, pẹ̀lú. Ẹ tẹ nọ́ńbà ara páálí sórí ojú òpó ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ fi fọ́tò ibẹ̀ wé èyí tó wà níwájú yín.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: 1799 àti 1804

Ọdún méjì yìí, pẹ̀lú 1793, ni owó wọn ga jù, àwọn sì ni wọ́n ń fi rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

1799: ayédèrú tó wọ́pọ̀ ni 1798 tí wọ́n gbẹ́ 8 ìparí rẹ̀ di 9. Ẹ fi 9 kejì wé 9 àkọ́kọ́ lábẹ́ awò. Ẹ wò bóyá ilẹ̀ tó yí i ká mọ́ ju ibòmíràn lọ, bóyá àwọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, bóyá ìlà ọ̀bẹ tín-ínrín wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ojúlówó 1799 bá dúdú tó sì rí ṣákaṣàka. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rí nìyẹn. 1799 tó ń dán, tí wọ́n wá ń tà lówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rù ni kó bà yín.

1804: òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni ojúlówó ní, S-266, nítorí náà ó rọrùn láti yẹ̀ wò.

- 0 inú ọdún kọjú sí O inú OF tó wà lẹ́yìn. Ẹ fi ìka méjì dì í mú níbi 0, kí ẹ yí i padà, ẹ ó rí i.
- Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí òǹtẹ̀ ti ya létí: lókè RTY inú LIBERTY níwájú, lókè MERIC inú AMERICA lẹ́yìn.
- 1/100 gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1860, àwọn aládàáni kan fi òǹtẹ̀ àtijọ́ tí ilé ìtẹwó ti pa tì tẹ 1804 mìíràn. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn 1820 ni wọ́n so mọ́ ọn, ìyẹn kò sì ní 1/100. Àwọn èèyàn ń rà á gẹ́gẹ́ bí ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ilé ìtẹwó, iye rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti ojúlówó.

Fún èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí, ìmọ̀ràn mi kò ní àbùlà: ẹ má rà á láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ̀yin náà sì ti yẹ páálí wò.

Bí ẹ ó ṣe mọ ìpele rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ìpele méjì ni ẹ ó ṣírò. Àkọ́kọ́ ni ìpele híhàn: mélòó nínú àwòrán ló ṣẹ́kù? Èkejì ni ìpele àṣẹ́kù: bí ẹ bá yọ ìyà tó ti jẹ ara rẹ̀ kúrò, kí ló kù? Àwọn tó dúró sórí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń san owó aṣọ òkè ra àkísà.

Nọ́ńbà 1 sí 70 tí gbogbo ayé ń lò fún owó Amẹ́ríkà lónìí, orí sẹ́ǹtì ńlá ló ti bẹ̀rẹ̀. William Sheldon ló gbé e jáde ní 1949, èrò rẹ̀ sì ni pé èyí tó wà ní 70 yóò tó ìlọ́po 70 èyí tó wà ní 1. Ọjà ti fi ìṣirò yẹn sílẹ̀, nọ́ńbà náà ló kù.

Ìgbésẹ̀ 1. Ẹ fi ojú lásán wò ó ṣáájú awò. Ẹ dì í mú lábẹ́ iná kan, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Kí ló kọ́kọ́ gba ojú yín? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gba ojú yín ni yóò gba ojú ẹni tí ẹ bá fẹ́ tà á fún lọ́la.

Ìgbésẹ̀ 2. Ẹ wá ibi tó ga jù, torí ibẹ̀ ni ìlò ń kọ́kọ́ jẹ. Lára Liberty Cap, irun ẹ̀gbẹ́ etí àti òkè èjìká ni. Lára Draped Bust, irun òkè iwájú orí, irun ẹ̀yìn etí, àti èjìká. Lára Classic Head, irun òkè ọ̀já àti èyí tó ká sí etí. Lára Coronet àti Braided Hair, irun òkè etí, ṣóńṣó adé, àti okùn tó so irun lẹ́yìn. Lẹ́yìn owó, ewé ni ẹ ó wò.

Ìgbésẹ̀ 3. Ẹ fi wé ìpele. Bí mo ṣe ń ka Draped Bust nìyí, èyí tí wọ́n ń bi mí jù (nọ́ńbà náà ni ti Sheldon, létà iwájú rẹ̀ sì dúró fún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì: Good, Very Good, Fine, Very Fine, Extremely Fine, About Uncirculated, Mint State):

- G-4: orí hàn bí òjìji, ọdún àti LIBERTY ṣeé kà, irun ti tẹ́ pátá.
- VG-8: gbogbo létà pé, ìlà irun díẹ̀ hàn nísàlẹ̀ níbi tó ti ká.
- F-12: irun nísàlẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ sọ́tọ̀, ìṣẹ́po aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, òkè iwájú orí ṣì tẹ́.
- VF-20: bí ìdá méjì nínú mẹ́ta irun hàn, ewé ẹ̀yìn ní ìlà díẹ̀.
- XF-40: gbogbo irun hàn àyàfi ibi tó ga jù, irun òkè iwájú orí ti ní ìlà.
- AU-50: ìlò kàn fọwọ́ bà á níbi ṣóńṣó ni, dídán àkọ́kọ́ ṣì wà nínú kòtò létà.
- MS-60 sókè: kò sí ìlò rárá.

Fún Coronet, ẹ wo okùn irun. Bí apá kan rẹ̀ bá hàn, VG-8. Bó bá hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, F-12. Bó bá dúró gírí, tó mú, XF-40. N kò ní fa èyí gùn. Bí ẹ bá ń wò wọ́n díẹ̀díẹ̀, ojú yín yóò mọ̀ ọ́n láàárín oṣù kan.

Ìgbésẹ̀ 4. Ṣé ìlò ló jẹ ẹ́ ni, àbí òǹtẹ̀ ni kò kàn án dáadáa? Èyí ló ń ṣi àwọn tó ti gòkè díẹ̀ pàápàá lọ́nà. Ibi tí ìlò jẹ máa ń tẹ́, ó máa ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń mọ́ ju ti ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Ibi tí òǹtẹ̀ kò kàn máa ń rí bákan náà pẹ̀lú ilẹ̀ yòókù. Ẹ tún yí owó náà padà: bí iwájú bá rẹ̀ níbì kan, tí ẹ̀yìn náà sì rẹ̀ ní ọ̀gángán ibẹ̀, òǹtẹ̀ ló fà á. Òǹtẹ̀ tó ti gbó náà ń ṣe tirẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ nọ́ńbà òǹtẹ̀ nìyí: àwọn òǹtẹ̀ kan wà tí ẹ̀yìn wọn kì í hàn dáadáa láé, bí owó náà tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ òǹtẹ̀ jẹ owó níyà.

Ìgbésẹ̀ 5. Ẹ ka ọgbẹ́ rẹ̀. Awò wọlé báyìí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀:

- ihò kéékèèké tí ilẹ̀ tàbí omi jẹ sí i
- ìpẹtà aláwọ̀ ewé, bóyá lórí nìkan tàbí tó ti wọnú
- ibi tí nǹkan ti ha á, pàápàá lójú tàbí nínú ilẹ̀ pẹlẹbẹ tó wà níwájú ojú
- ọgbẹ́ etí
- ibi tí wọ́n ti lu ihò sí, tí wọ́n sì ti dí i
- ibi tí wọ́n ti fi irin gbẹ́ irun tó ti parẹ́ kó lè hàn padà
- àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀

Èyí tí ihò ti wà lára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀. Ihò bẹ́ẹ̀ máa ń ní bèbè tó ti rọ̀, létà lè kọjá lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ra bàbà kì í fìyà jẹ ẹ́ tó ti ìpẹtà.

Ìgbésẹ̀ 6. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Kò sí tábìlì ìṣirò kan tó ń sọ pé ọgbẹ́ báyìí tó nọ́ńbà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ń ṣe é hàn yín. Ẹ mú 1798 tó hàn dé VF-30. Bí ara rẹ̀ bá jọ̀lọ̀, tí ọgbẹ́ kékeré kan ṣoṣo wà létí, mo máa ń kọ VF-25. Bí ihò kéékèèké bá wà káàkiri ojú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè rí i láìlo awò, VF-20. Bí ojú lásán bá rí ihò náà, F-12. Bí ìlà gígùn kan bá tún gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, VG-8 ni, bí irun rẹ̀ tilẹ̀ dára tó. Iye VG-8 ni ẹ ó sì san.

Ìgbésẹ̀ 7. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún nọ́ńbà náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Early American Coppers, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó bàbà àtijọ́ Amẹ́ríkà jọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, máa ń sọ bí ara owó ṣe rí sí ìpele rẹ̀: ó dára, ó wà láàárín, tàbí kò wuni. F-12 tó dára lè wọ́n ju VF-20 tí kò wuni. Àwọn ni wọ́n le jù nínú fífi ìpele sí bàbà. Nítorí náà, ẹ má bínú bí owó tó wà nínú páálí XF-45 bá di VF-30 lọ́wọ́ wọn. Òṣùwọ̀n méjì ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ èyí tí ẹni tó ń tà á ń lò.

Ìgbésẹ̀ 8. Ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún un kà láìwo ohun tí ẹ kọ. Bí ìpele méjèèjì bá jìnnà síra, èyí tó kéré ni kí ẹ gbà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀

Bàbà tuntun pupa ni. Pẹ̀lú ọdún ó ń di àwọ̀ ilẹ̀, bí àwọ̀ obì tó ti gbó tàbí ṣokoléètì, ìyẹn sì ni àwọ̀ tó yẹ sẹ́ǹtì ńlá. Lára páálí ẹ ó rí BN fún aláwọ̀ ilẹ̀, RB fún àdàlù, RD fún pupa. Pupa tó ṣẹ́ kù láti ayé àtijọ́ ṣọ̀wọ́n gidi. Àwọn ti 1816 sí 1820 ni ẹ lè bá láwọ̀ bẹ́ẹ̀, torí kẹ́ẹ̀gì owó tuntun kan tí wọ́n bá lábẹ́ pèpéle ojú irin ní Georgia. Draped Bust tó gbó dé F-12 tó wá pupa bí iyùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni. Kò sí àlàyé mìíràn.

Classic Head ní tirẹ̀ tètè ń dúdú, ó sì tètè ń dá ihò, torí bàbà tí wọ́n lò rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ fún un láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀kan tó jọ̀lọ̀, ẹ mọ̀ pé ohun gidi ló wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀kan lára àwọn tí mo kọ́kọ́ rà, 1803 ni. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa, ó dọ́gba káàkiri, inú mi dùn. Mo kó o sínú acetone, omi kẹ́míkà kan, láti yọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, ni omi bá di bí tíì. Àwọ̀ tí wọ́n fi pa á ló ń tú. Ohun tó kù nínú ife jẹ́ bàbà olómi ọsàn tí wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha. Láti ọjọ́ yẹn, àwọ̀ tó dọ́gba jù ló ń kọ́kọ́ fu mí lára: bàbà tí kò fara kan kẹ́míkà sábà máa ń dúdú díẹ̀ nínú kòtò, kó sì mọ́ díẹ̀ níbi tó ga.

Fífọ̀: ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe, àti ìwọ̀nba tí ẹ lè ṣe

Bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bọ idẹ tó fi ń kọ mànà kò bá sẹ́ǹtì ńlá mu rárá. Ọsàn, kíkan, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín, omi ìfọ-idẹ, kànrìnkàn: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sọ owó 400 dọ́là di 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sì sí ọ̀nà tí ẹ ó gbà dá a padà.

Bí ìdọ̀tí tàbí gọ́ọ̀mù bá wà lára rẹ̀, èyí lẹ lè ṣe:

1. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ jìnnà sí iná. Acetone ń gbaná ní wàrà.
2. Ẹ da acetone gidi sínú ife gíláàsì, kì í ṣe ike, kì í sì í ṣe omi ìyọkun èékánná tó ní lọ́fínńdà.
3. Ẹ gbé owó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má fọwọ́ pa á.
4. Ẹ gbé e sínú acetone mìíràn tó mọ́, kí ẹ mú un jáde.
5. Ẹ gbé e sórí aṣọ rírọ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má nù ún.

Acetone kì í yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Fún ìyẹn, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí máa ń kán òróró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn, sórí rẹ̀ kó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá fi igi ìtayín gbé e kúrò lábẹ́ awò, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Ẹ fi owó tí kò níye lórí kọ́ ọwọ́ fún bí oṣù mẹ́fà kí ẹ tó dán an wò lára ojúlówó. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Braided Hair ti àárín 1843 sí 1856 tó ti gbó níwọ̀nba kì í sábà kọjá 50 dọ́là. Ẹ ra márùn-ún tí ìpele wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ fi wọ́n kọ́ ojú. Lẹ́yìn náà Coronet, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé 1821 àti 1823 ṣòroó rí. Lẹ́yìn ìyẹn Draped Bust ti 1798, 1802 tàbí 1803, tí wọ́n pọ̀ díẹ̀. Liberty Cap di ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ́ra. Chain, ẹ jẹ́ ká fi ṣe àdúrà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti kó wọn jọ. Ẹ lè mú ọ̀kan nínú irú kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè mú ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí ẹ máa lépa nọ́ńbà òǹtẹ̀, èyí tí kò lópin, tó sì dùn jù lójú tèmi, torí ẹ lè bá S tó ṣọ̀wọ́n nínú àwo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ní iye èyí tó wọ́pọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ìṣọ̀wọ́n máa ń lọ láti R-1, èyí tó ju 1,250 tí a mọ̀ lọ, dé R-8, èyí tí kò ju mẹ́ta lọ.

Bí owó bá kéré, ẹ wo ààbọ̀ sẹ́ǹtì, èyí tí ilé ìtẹwó kan náà ń tẹ̀ láti 1793 sí 1857. Ìmọ̀ kan náà ló gbà, àwọn ti ọdún 1800 sókè tó wọ́pọ̀ kò sì wọ́n jù.

Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

- Rírà láti ara fọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ béèrè fún iwájú, ẹ̀yìn àti etí, pẹ̀lú ìwọ̀n gíráàmù. Ẹni tó bá kọ̀ láti wọ̀n ọ́n ti dá yín lóhùn.
- Kíka nọ́ńbà ara páálí láìwo owó inú rẹ̀.
- Dídá owó lójú ọjà gbàǹjo láìfi owó àfikún tí àwọn tó ń ṣe gbàǹjo ń gbà kún ìṣirò.
- Fífi ọwọ́ nu "eruku" kúrò. Eruku ni yóò họ ọ́.

Ibi ìpamọ́

Ẹ lo àpò bébà kékeré ínǹṣì 2 sí 2, pẹ̀lú aṣọ òwú tí wọ́n rán fún inú rẹ̀. Ẹ sá fún ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí aṣọ òjò tuntun. Kẹ́míkà ara rẹ̀ yóò sọ bàbà di aláwọ̀ ewé. Ibi gbígbẹ tí ooru rẹ̀ kì í yí padà ló dára, kì í ṣe abẹ́ òrùlé, kì í sì í ṣe yàrá ìsàlẹ̀ ilé.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé wọn wálé sí Èkó tàbí Kútọnu, ẹ mú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ òkun ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹ kó wọn sínú agolo tó dé pinpin, kí ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn nígbà òjò. Mo ti rí bàbà tó lo 200 ọdún ní Amẹ́ríkà láìsí ìpẹtà, tó ní i láàárín òjò kan ṣoṣo.

Lára àpò bébà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọdún, nọ́ńbà òǹtẹ̀, ìpele híhàn, ìpele àṣẹ́kù, ìwọ̀n, ọjọ́ tí ẹ rà á àti iye tí ẹ san. Tèmi kan kà báyìí: 1803, S-258, VF-25 híhàn, F-15 àṣẹ́kù, ó wà láàárín, ọgbẹ́ etí lókè B inú LIBERTY, gíráàmù 10.71.